Ọmọ Kíláàsì Kẹta Ni Kí A Kọ́kọ́ Bi

Ní ọdún 2013, ìjọba mẹ́ta tí kò gbìmọ̀ pọ̀ dìde láti tún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wọn ṣe. Ní Ọ̀ṣun tiwa níbí, ìjọba Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá bẹ̀rẹ̀ sí í pín Ọpọ́n Ìmọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà. Tábúlẹ́ẹ̀tì ni. Wọ́n kó ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò ọdún àtẹ̀yìnwá sínú rẹ̀, wọ́n sì ní àwọn yóò pín in tó 150,000. Ní Los Angeles, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé ìwé ìjọba pinnu pé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò gba iPad. Iye tí wọ́n dá lé iṣẹ́ náà lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Ní Mississippi, ọ̀kan nínú àwọn ìpínlẹ̀ tó tòṣì jù lọ ní Amẹ́ríkà kan náà, ilé aṣòfin ṣe òfin tó dá lórí ohun kan: kí ọmọ tó bá ń kúrò ní kíláàsì kẹta lè ka ìwé kí ó sì yé e. Ọdún tó ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ náà ti tó kí ẹni tó ń wá òótọ́ rí i. Síbẹ̀, èrò tó gbilẹ̀ láàrin wa, lọ́dọ̀ ìjọba, lórí rédíò, àti níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́, kò tíì yí padà: pé ohun tí a bá rà fún ilé ìwé, ilé tí a bá kọ́ síbẹ̀, àti bí ọmọ ṣe tètè ń sọ Òyìnbó láti jẹ́lé-ó-sinmi ni yóò mú ẹ̀kọ́ dára. Mo lòdì sí èrò yìí. Ohun tí mo ń sọ ni pé kíláàsì kìíní sí ìkẹta ni ẹ̀kọ́ ti ń bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, nídìí ìwé kíkà, àti pé owó yòówù tí a bá ná sí òkè kí a tó tún ibẹ̀ ṣe, ọmọ tó lè ṣe é láìsí owó náà ni yóò jẹ èrè rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó gbẹ̀yìn ìpinnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní Los Angeles, kò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ dé ọwọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n fi tú gbogbo ìdènà tí wọ́n fi sé íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ wọn. Nígbà tó fi di 2014, ọ̀gá àgbà ètò ẹ̀kọ́ ìlú náà ti dá àdéhùn wọn pẹ̀lú Apple dúró, kò sì pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ fi ipò sílẹ̀. Níbí, Ọpọ́n Ìmọ̀ gba ìyìn títí dé òkè òkun, ṣùgbọ́n ìpín rẹ̀ dáwọ́ dúró, tíṣà àti akẹ́kọ̀ọ́ sì padà sídìí pátákó àti ṣọ́ọ̀kì. Ti Mississippi ni ó yẹ kí a dúró lé. Nínú ìdánwò tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi ń wọn gbogbo ìpínlẹ̀, ipò 49 ni àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin wọn wà nínú ìwé kíkà ní 2013. Ní 2019 wọ́n bá gbogbo orílẹ̀-èdè náà dọ́gba. Ní 2024 wọ́n wà ní ipò kẹsàn-án. Wọn kò di olówó láàrin àkókò náà. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n tún àwọn tíṣà kíláàsì ìsàlẹ̀ kọ́ ní bí a ṣe ń kọ́ ọmọ láti so lẹ́tà pọ̀ mọ́ ìró. Wọ́n rán àwọn olùkọ́ àgbà lọ sí ilé ìwé tó rẹ̀yìn jù kí wọ́n máa jókòó ti tíṣà nínú kíláàsì, kí wọ́n máa tọ́ ọ sọ́nà. Wọ́n sì ń yẹ ọmọ kọ̀ọ̀kan wò lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún kí wọ́n lè mọ ẹni tó ń ṣubú kó tó ṣubú tán. Àwọn kan sọ pé nítorí pé wọ́n ń dá ọmọ tí kò yege dúró ní kíláàsì kẹta ni máàkì ṣe gòkè. Ìyẹn lè ní ipa tirẹ̀, èmi kò sì ní kí a máa dá ọmọ dúró ní Ọ̀ṣun. Ṣùgbọ́n dídá ọmọ dúró ti wà ní ayé láti ìgbà tí ilé ìwé ti wà, òun nìkan kò sì gbé ìpínlẹ̀ kankan láti ipò 49 dé ìkẹsàn-án rí.

Kì í ṣe pé Ọ̀ṣun káwọ́ gbera. Ní oṣù Fébúárì 2011, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ló ṣe alága àpérò tí ìjọba pè lórí ẹ̀kọ́, nítorí èsì WAEC wa tó burú. Ohun tó tẹ̀ lé e kò kéré. Wọ́n tún ilé ìwé pín sí ẹlẹ́mẹ́ńtírì, míídù àti háì. Wọ́n pa ilé ìwé pọ̀ mọ́ra. Wọ́n sọ aṣọ ilé ìwé gbogbo di ọ̀kan. Wọ́n sì kọ́ àwọn ilé ìwé ràgàjì tí a kò rí irú wọn rí. Ní September 2016, Ààrẹ Muhammadu Buhari fúnra rẹ̀ wá sí Òṣogbo láti ṣí Osogbo Government High School, tí wọ́n kọ́ fún 3,000 akẹ́kọ̀ọ́. Ní 2020, ìjọba Gbóyèga Oyètọ́lá dá gbogbo ìpín náà padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Nínú gbogbo àlọ àti àbọ̀ yìí, orúkọ yí padà, aṣọ yí padà, òbí sì ná owó lórí méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó yí bí tíṣà kíláàsì kìíní ṣe ń kọ́ ọmọ láti ka ọ̀rọ̀ tó wà lójú pátákó padà. Ohun kan tó kan ọmọ kékeré tààrà ni O'MEAL, oúnjẹ tí ìjọba ń fún ọmọ ní ilé ìwé, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012, mo sì gbóríyìn fún ẹni tó dá a sílẹ̀, nítorí ebi kì í jẹ́ kí ọmọ gbọ́ ẹ̀kọ́. Àmọ́ nígbà tí ọmọ jẹun tán tó jókòó, a kò bi í ní ohun tó mọ̀. Títí di òní, èsì tí ìjọba fi ń yangàn, tí alátakò sì fi ń bú u, èsì WAEC ni. Ọdún mẹ́sàn-án ló sì wà láàrin òpin kíláàsì kẹta àti ìdánwò náà. Ìwọ̀n tí a ń lò kì í sọ fún wa pé ọmọ kò mọ̀wé títí di ọjọ́ tí a kò ní lè ṣe ohunkóhun sí i mọ́.

Ìdí tí mo fi di kíláàsì kẹta mú kò fara sin. Láti kẹrin lọ, kò sí ẹ̀kọ́ tí kò gba inú ìwé kọjá: síáyẹ́ǹsì, ìtàn, ìṣirò tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ gbé kalẹ̀, gbogbo rẹ̀. Ọmọ tí kò bá lè kà á kì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Yóò máa da ohun tó wà lójú pátákó kọ, yóò máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ pariwo ohun tí tíṣà bá pè, ọdún yóò sì máa gbé e láti kíláàsì dé kíláàsì títí yóò fi dé girama. UNICEF ti sọ ọ́ lemọ́lemọ́ pé nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin láti ọdún 7 sí 14, mẹ́ta ni kò lè ka ọ̀rọ̀ tó rọrùn kó yé wọn, tí wọn kò sì lè ṣe ìṣirò kéékèèké. Gbé ìwé lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, kí lo ṣe fún un? Wọ́n ti dán an wò ní ìwọ̀ oòrùn Kẹ́ńyà. Wọ́n pín ìwé ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí fún àwọn ilé ìwé kan, wọn kò pín fún àwọn mìíràn, wọ́n sì fi wọ́n wé ara wọn. Ní 2009 ni Paul Glewwe, Michael Kremer àti Sylvie Moulin tẹ èsì rẹ̀ jáde: ní àpapọ̀, máàkì kò gòkè. Àwọn ọmọ tó ti ń ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀ nìkan ni ìwé náà ràn lọ́wọ́, torí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì sì ni èdè kẹta fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yòókù. Orílẹ̀-èdè Peru náà pín kọ̀ǹpútà alágbèéká fún àwọn ọmọ ilé ìwé lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní 2012, ìmọ̀ ìṣirò àti ti èdè kò kúrò níbi tó wà. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò ní ya ẹnu sí ohun tó dé bá Ọpọ́n Ìmọ̀. Ìwé tó wà nínú ẹ̀rọ, ìwé náà ni. Ọmọ tí kò lè kà á lórí bébà kò lè kà á lórí gíláàsì.

Ẹ̀rí tó wúwo jù, tiwa ni, kò sì jìnnà. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bàbátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìwádìí kan ní Ilé-Ifẹ̀, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's, pẹ̀lú owó ìrànlọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ Ford Foundation. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lára ẹ̀kọ́, láti ọwọ́ olùkọ́ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dénú. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi wọ́n wé lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta yòókù, bí wọ́n ti ń ṣe níbi gbogbo nígbà náà. Nígbà tí ìdánwò dé, àwọn ọmọ Yorùbá ọdún mẹ́fà ta àwọn yòókù yọ nínú ìṣirò, nínú síáyẹ́ǹsì àti nínú ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹ̀yìn. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Nínú àkọtọ́ Yorùbá, lẹ́tà àti ìró kì í dalẹ̀ ara wọn; ọmọ tó bá mọ ABD, tó sì mọ àmì ohùn, lè pe ọ̀rọ̀ tí kò rí rí, etí rẹ̀ yóò sì sọ ìtumọ̀ fún un lójú ẹsẹ̀ nítorí ó ti ń gbọ́ ọ nílé. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà ní Ọ̀fàtẹ̀dó, ní Ọ̀ṣun wa níbí, ní iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà: kí ó já ọ̀rọ̀ tí àkọtọ́ rẹ̀ kò bá ẹnu mu, kí ó sì tún wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ rí. Ọ̀pọ̀ kì í parí èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí tí ìjọba àpapọ̀ fi yí i padà ní oṣù November 2025. Ìlànà èdè tí ìgbìmọ̀ aláṣẹ fọwọ́ sí ní November 2022, pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni jálẹ̀ ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n fagi lé lẹ́yìn ìpàdé ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè tó wáyé ní Àkúrẹ́. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Aláúsá, ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì, nítorí pé àwọn agbègbè tó gba èdè abínibí mọ́ra jù ni wọ́n ń fìdí rẹmi jù nínú WAEC, NECO àti JAMB. Mo ti gbé ìdí yìí yẹ̀ wò, kò sì dúró. Ọmọ tó ṣe WAEC ní 2025, ní nǹkan bí 2013 ló wọ kíláàsì kìíní. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìlànà yẹn, ó ti wà ní girama àgbà. Ìlànà náà kò sì tíì dé kíláàsì kankan dáadáa, torí ìwé tí wọn yóò fi ṣe é kò sí nílẹ̀. Ẹ̀bi ohun tí a kò tíì ṣe ni wọ́n gbé kọ́ ọmọ tí kò bá a pàdé lọ́rùn. Tó bá sì jẹ́ pé agbègbè ni a fẹ́ fi wé agbègbè, àwọn ibi tó rẹ̀yìn jù ní ogun, ìsáǹsá àti ilé ìwé tí kò ní tíṣà láti fi ṣàlàyé ìfìdírẹmi wọn, kí a tó kan èdè rárá.

Àwọn òbí ni alátakò mi tó lágbára jù, mo sì bọ̀wọ̀ fún ohun tó ń já wọn láyà. Wọ́n mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò, Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ ọ́fíìsì, Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé ìrìnnà. Ìdí nìyí tí ilé ìwé aládàáni fi kún ojú títì láti Ọ̀fàtẹ̀dó dé Òṣogbo, tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ òbí tó ń ta gàrí, tí wọ́n sì ń fìyà jẹ ọmọ tó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà. Òbí yẹn kò gọ̀. Ó ń fẹ́ kí ọmọ òun mọ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí èmi náà ń fẹ́ nìyẹn. Ọ̀nà tó gbà ni mo ń bá a jà lé lórí. Ilé-Ifẹ̀ fi hàn pé ẹni tó fi Yorùbá mọ̀wé kò pàdánù Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé kíkà kò pé méjì: ọmọ tó ti mọ̀ pé àmì ojú ìwé ń sọ̀rọ̀, tó mọ bí a ṣe ń wá kókó nínú ìtàn, yóò gbé ọgbọ́n náà lọ bá Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó há Gẹ̀ẹ́sì sórí lè kí àlejò dáadáa, kí ó sì wà ní kíláàsì karùn-ún láìlè sọ ohun tí ojú ewé kan dá lé. Ní ti àwọn ọmọ tí Yorùbá kì í ṣe èdè ilé wọn, bí àwọn ará Sábó ní Òṣogbo, ètò tiwọn gbọ́dọ̀ wà. Wọn kì í ṣe ìdí tí a ó fi gba ti àwọn tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ Fáfúnwá dáadáa lè dá mi lóhùn pé àwọn ọmọ Ilé-Ifẹ̀ ní ìwé tí wọ́n dìídì kọ fún wọn, wọ́n ní olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó dáńtọ́, ojú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sì wà lára tíṣà wọn. Èdè nìkan kọ́ ló ṣe é. Òótọ́ ni, n kò sì sá fún un. Èdè láìsí ìwé, láìsí tíṣà tí a kọ́, kò lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú ètò wọn: ìwé kékeré, tíṣà tí a kọ́ níṣẹ́, àbójútó inú kíláàsì, èdè tí ọmọ gbọ́. Kò sí ilé gogoro níbẹ̀. Mississippi, tí kò gbọ́ orúkọ Fáfúnwá, rìn dé ibi kan náà. Ẹlòmíràn yóò mú ti Edo wá. Ní 2024, Báǹkì Àgbáyé dán an wò ní Benin City, wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ SS1 máa lo ẹ̀rọ tó ń fèsì bí ènìyàn, lẹ́yìn ilé ìwé, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì wọn sì gòkè gidigidi. Mo gbà á. Ẹ̀rọ kì í ṣe ọ̀tá mi. Àmọ́ àwọn ọmọ yẹn ti lè kàwé, ẹ̀rọ náà kò sì ṣeé bá sọ̀rọ̀ láìkàwé. Tíṣà dúró tì wọ́n. Àwọn tó sì ti mọ̀wé jù tẹ́lẹ̀ ló jèrè jù. Ohun tí Kẹ́ńyà sọ náà ni Edo tún sọ.

Owó oṣù ńkọ́? Láti 2015 títí wọ 2018, ìdajì owó oṣù ni àwọn òṣìṣẹ́ ìpele òkè gbà ní Ọ̀ṣun, tíṣà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ sì wà lára wọn. Ẹni tó bá ní èyí kò ba ẹ̀kọ́ jẹ́ ń tan ara rẹ̀. Ìdí tí mo fi ní kí owó kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ tíṣà ìsàlẹ̀ nìyẹn, nítorí òun ni ìlú ń kà sí ẹni ẹ̀yìn. Tíṣà tó bá mọṣẹ́ ni ọ̀gá ilé ìwé máa ń fi sí kíláàsì kẹfà nítorí ìdánwò àṣewọlé, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n ń fi sí kìíní. Ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ìpínlẹ̀ tó wà ní Iléṣà, tó ti ń kọ́ tíṣà fún ìran púpọ̀, ni wọ́n sọ di Yunifásítì Iléṣà; Ìjẹ̀ṣà dunnú sí i, ó sì tọ́ sí wọn. Wọ́n ṣì ń kọ́ olùkọ́ níbẹ̀. Síbẹ̀ mi ò tíì gbọ́ kí olóṣèlú kan ṣe ìlérí nígbà ìbò pé òun yóò dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún tíṣà kíláàsì kìíní, nígbà tí yunifásítì kò wọ́n lẹ́nu wọn.

Ohun tí mo ń béèrè kò ju agbára Ọ̀ṣun lọ. Kí SUBEB, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀, mú ojú ewé kan tí wọ́n fi Yorùbá tó rọrùn kọ, kí wọ́n jẹ́ kí gbogbo ọmọ kíláàsì kẹta ní ilé ìwé ìjọba kà á sókè fún ẹni tí kì í ṣe tíṣà wọn, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì dáhùn ìbéèrè mẹ́ta lórí rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 30 la ní. Kí èsì ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde, ti Ẹgbẹ́dọrẹ tí Ọ̀fàtẹ̀dó wà lábẹ́ rẹ̀ àti ti gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, bí èsì WAEC ṣe ń jáde. Kí wọ́n kó àwọn ọmọ tí kò lè kà á jọ fún wákàtí kan lójúmọ́, ní ìwọ̀n ohun tí kálukú mọ̀, láìwo kíláàsì tó wà. Àjọ kan tó ń jẹ́ Pratham ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Íńdíà, àyẹ̀wò lórí àyẹ̀wò sì fi hàn pé ó ń so èso. Kí wọ́n tẹ ìwé kíkà Yorùbá tuntun, irú èyí tí J. F. Ọdúnjọ fi Aláwìíyé ṣe fún ìran kan, kí ó dé ọwọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Kí olùkọ́ àgbà tó mọ iṣẹ́ náà máa yí ká ilé ìwé, kí ó máa jókòó nínú kíláàsì, kì í ṣe kí ó wá fọwọ́ sí ìwé ìpalẹ̀mọ́ ẹ̀kọ́ kí ó sì máa lọ. Títí ìgbà tí èsì àkọ́kọ́ yóò fi jáde, kí gómìnà tó bá wà lórí oyè má ṣe bu owó fún ẹ̀rọ tuntun kankan ní sẹ́kọ́ńdìrì, kí ó sì fi owó náà san tíṣà kíláàsì kìíní, ìkejì àti ìkẹta lówó lé lórí owó oṣù wọn.